Ìfàmìsí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ìfàmìsí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìlò àwọn àmì kéékèèké tí òǹkọ̀wé ń fi sáàárín ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn láti fi han òǹkàwé ibi tí èrò kan ti parí, ibi tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ, àti irú gbólóhùn tí ó wà níwájú rẹ̀. Lára àwọn àmì náà ni àmì ìdánudúró (.), kọ́mà (,), sẹmikólóònù (;), kólóònù (:), àmì ìbéèrè (?), àmì ìyanu (!), àmì ìpajẹ (’), àmì àyọlò (“ ”), àmì ìsopọ̀ (-), dáàṣì (–) àti àkámọ́. Wọn kì í ṣe lẹ́tà, a kì í sì í pè wọ́n bí a bá ń kàwé sókè; síbẹ̀ wọ́n lè yí ìtumọ̀ gbólóhùn padà láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yí padà nínú rẹ̀. Owó gọbọi ti jáde lápò ilé-iṣẹ́ kan nítorí kọ́mà kan tí kò sí níbi tí ó yẹ, àwọn adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù sì ti jókòó ti ọ̀rọ̀ kọ́mà nínú ẹjọ́ tí ẹ̀mí ènìyàn so mọ́.

Ìfàmìsí àti ohùn ẹnu

Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu kò nílò kọ́mà. Ohùn rẹ̀ ni ó fi ń to ọ̀rọ̀: yóò gbé e sókè, yóò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, yóò dánu dúró díẹ̀, yóò tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kan ju ìkejì lọ, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ yóò sì parí èyí tí ó kù. Bí ohun tí ó sọ kò bá yé olùgbọ́, olùgbọ́ lè bi í léèrè lójú ẹsẹ̀. Òǹkàwé kò ní àǹfààní yìí. Ó lè wà ní ìlú mìíràn, ó sì lè jẹ́ pé òǹkọ̀wé ti kú kí a tó bí i. Ohun kan ṣoṣo tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a tò sórí bébà àti àwọn àmì tí ó wà láàárín wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan èdè Gẹ̀ẹ́sì ju bí ó ti kan àwọn èdè mìíràn lọ, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ohùn gbólóhùn ṣe iṣẹ́ tí èdè bíi Yorùbá ń fi ọ̀rọ̀ gan-an ṣe. Ọmọ Yorùbá tí ó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ yóò fi “ṣé” tàbí “ǹjẹ́” ṣáájú. Bí ó bá gbàgbé àmì ìbéèrè lẹ́yìn “Ṣé Adé ti dé”, kò sí ẹni tí yóò kà á sí ìròyìn. Ṣùgbọ́n “Ade has arrived.” àti “Ade has arrived?” jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan náà tí a tò bákan náà; àmì tí ó kẹ́yìn wọn nìkan ni ó sọ èyí tí ó jẹ́ ìròyìn àti èyí tí ó jẹ́ ìbéèrè. Lóòótọ́, Gẹ̀ẹ́sì náà lè yí ipò ọ̀rọ̀ padà láti fi béèrè, kí ó di “Has Ade arrived?”, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ràn kan tí ó wọ́pọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi kọ́mà sí ibikíbi tí ó bá ti fẹ́ mí. Ìmọ̀ràn náà kò burú fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkọ, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà bí ó bá yá. Ìfàmìsí Gẹ̀ẹ́sì òde òní ń tẹ̀lé gírámà ju èémí lọ. Nínú “The students who wrote the examination in June have received their results.”, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò mí lẹ́yìn “June” bí wọ́n bá ń kà á sókè. Síbẹ̀ kọ́mà kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, nítorí pé a kì í fi kọ́mà kan ṣoṣo ya olùwà nípa sí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀.

Ìtàn

Àwọn Gíríìkì àti àwọn ará Róòmù àtijọ́ sábà máa ń kọ ọ̀rọ̀ pọ̀ láìfi àlàfo kankan sílẹ̀. Ẹni tí yóò kà á fún àwùjọ ní láti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì pín ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Aristophanes ará Byzantium, tí ó jẹ́ olórí ilé-ìkàwé Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún 200 ṣáájú ìbí Krístì, ni a gbà pé ó kọ́kọ́ ṣe ètò kan fún èyí. Ó lo àmì roboto kéékèèké, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lókè, láti fi hàn bí ìdánudúró ṣe gùn tó. Orúkọ tí àwọn Gíríìkì ń pe àwọn abala ọ̀rọ̀ tí àmì wọ̀nyí ń pín ni ó padà di orúkọ àmì fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí kọ́mà àti kólóònù.

Ní ọ̀rúndún keje àti ìkẹjọ lẹ́yìn ikú Olúwa wa, àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ Írẹ́láńdì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀ nínú ìwé Látìn tí wọ́n ń dà kọ. Látìn kì í ṣe èdè abínibí wọn, àlàfo náà sì mú kí ó rọrùn fún wọn láti kà. Bí a bá rò ó dáadáa, àlàfo yìí ni ó wúlò jù nínú gbogbo ìfàmìsí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tí a kọ síbẹ̀.

William Caxton ni ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1476. Nínú àwọn ìwé tí ó tẹ̀, ìlà tí ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan (/) ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí kọ́mà ń ṣe lónìí. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Aldus Manutius, òǹtẹ̀wé ní ìlú Venice, tẹ ìwé De Aetna ti Pietro Bembo jáde ní ọdún 1496, nínú èyí tí sẹmikólóònù ti kọ́kọ́ fara hàn bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Àwọn òǹtẹ̀wé, tí wọ́n ń fẹ́ kí ìwé kan jọ èkejì, ni wọ́n sọ àmì wọ̀nyí di ohun tí gbogbo ènìyàn ń lò. Ben Jonson, òǹkọ̀wé eré-onítàn, sọ̀rọ̀ nípa wọn nínú ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì tí a tẹ̀ jáde ní 1640 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìwé gírámà tí Lindley Murray gbé jáde ní 1795 sì gbé òfin wọn dé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gba àjàgà náà. Ní 1802, Timothy Dexter, oníṣòwò kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, kọ ìwé kékeré kan tí kò ní ìfàmìsí rárá. Nígbà tí àwọn òǹkàwé ráhùn, ó kó àwọn àmì jọ sí ojú-ewé kan lẹ́yìn ìwé náà nínú ẹ̀dà mìíràn, ó ní kí oníkálukú máa bù wọ́n sí i bí ẹni ń bu iyọ̀ àti ata.

Kọ́mà

Kọ́mà ni ó ní iṣẹ́ púpọ̀ jù lọ, òun náà ni ó sì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó rọrùn jù lọ láti rí ni pé ó ń ya orúkọ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ẹni tí ó kọ “I don’t know, Sade.” ń sọ fún Ṣadé pé òun kò mọ ohun kan. Ẹni tí ó kọ “I don’t know Sade.” kò mọ Ṣadé rí.

Èyí tí ó ṣòro jù fún akẹ́kọ̀ọ́ ni kọ́mà tí ó yí awẹ́ gbólóhùn asàpèjúwe ká. Ẹ wo “The drivers who came late were not paid.” Ohun tí gbólóhùn yìí sọ ni pé àwọn awakọ̀ kan pẹ́ dé, àwọn yẹn nìkan ni kò sì gba owó. Ṣùgbọ́n “The drivers, who came late, were not paid.” sọ pé gbogbo àwọn awakọ̀ náà ni wọ́n pẹ́ dé, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí ó gba owó. Kọ́mà méjì ni ó fa gbogbo ìyàtọ̀ yìí. Bí a bá sọ ọ́ ní Yorùbá pé “Àwọn awakọ̀ tí wọ́n pẹ́ dé kò gba owó”, ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ni yóò wá sọ́kàn; ẹni tí ó bá fẹ́ ìtumọ̀ kejì yóò tún gbólóhùn rẹ̀ tò, yóò ní gbogbo wọn ni wọ́n pẹ́ dé. Yorùbá kì í gbé irú ẹrù báyìí lé kọ́mà lórí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ gírámà Gẹ̀ẹ́sì dunjú ṣì máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀.

Kọ́mà tún ń pín ohun tí a tò léra. Nínú “yams, beans and rice”, àríyànjiyàn wà lórí bóyá ó yẹ kí kọ́mà mìíràn wà ṣáájú “and”. Ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Oxford máa ń fi sí i, ìdí sì nìyí tí a fi ń pè é ní kọ́mà Oxford. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kì í fi sí i. Nínú ọ̀pọ̀ gbólóhùn, kò sí ohun tí ó bàjẹ́ bí ó wà tàbí bí kò sí. Nínú òfin ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, nǹkan bàjẹ́.

Ẹjọ́ àwọn awakọ̀ wàrà ní Maine

Òfin Maine sọ pé kí a san owó àfikún fún òṣìṣẹ́ tí ó bá ṣiṣẹ́ ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀. Ó yọ àwọn iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ó jẹ mọ́ oúnjẹ, ó sì to orúkọ wọn léra: síso oúnjẹ sínú agolo, ṣíṣe é, gbígbé e sínú yìnyín, sísá a gbẹ, títà á, títọ́jú rẹ̀ pamọ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìparí àtòjọ náà ni “packing for shipment or distribution of”, ìyẹn ni pé kò sí kọ́mà lẹ́yìn “shipment”.

Àwọn awakọ̀ tí wọ́n ń gbé wàrà kiri fún ilé-iṣẹ́ Oakhurst Dairy, ní ìlú Portland, pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ ní 2014 pé kò san owó àfikún fún àwọn. Ilé-iṣẹ́ náà dáhùn pé iṣẹ́ méjì ni ó wà ní ìparí àtòjọ náà: dídì ẹrù fún ìfiránṣẹ́, àti pínpín ẹrù. Pínpín ẹrù sì ni iṣẹ́ àwọn awakọ̀, nítorí náà owó àfikún kò tọ́ sí wọn. Àwọn awakọ̀ ní rárá o: iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, ìyẹn dídì ẹrù, yálà ẹrù tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ tàbí èyí tí a fẹ́ pín. Àwọn kì í sì í di ẹrù, ọkọ̀ ni àwọn ń wà.

Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ó ní ẹ̀rí tí ó lágbára. Ilé-iṣẹ́ náà tọ́ka sí i pé bí “or” yẹn bá wà nínú iṣẹ́ dídì ẹrù, a jẹ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ àsopọ̀ kankan tí ó parí àtòjọ náà, èyí kò sì bá ìlò Gẹ̀ẹ́sì mu. Wọ́n tún fi hàn pé ìwé ìlànà tí àwọn akọ̀wé òfin Maine ń tẹ̀lé gan-an ni ó ní kí wọ́n má ṣe fi kọ́mà síbẹ̀. Àwọn awakọ̀ ní tiwọn tọ́ka sí gírámà: gbogbo orúkọ iṣẹ́ inú àtòjọ náà ni ó parí pẹ̀lú “-ing”, ṣùgbọ́n “shipment” àti “distribution” kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ara wọn, wọ́n sì jọ wà lábẹ́ “for”.

Ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá ilé-iṣẹ́ náà láre. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2017, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà. Adájọ́ David Barron, tí ó kọ ìdájọ́ náà, kò sọ pé ìtumọ̀ àwọn awakọ̀ nìkan ni ó tọ̀nà. Ohun tí ó sọ ni pé òfin náà kò ṣe kedere, àti pé ní Maine, bí òfin owó-iṣẹ́ kò bá ṣe kedere, òṣìṣẹ́ ni a gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún. Ní 2018, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là kí ẹjọ́ náà lè parí. Ilé aṣòfin Maine tún òfin náà kọ. Kọ́mà tí gbogbo ènìyàn ń jà lé lórí kọ́ ni wọ́n fi sí i: sẹmikólóònù ni wọ́n fi pín àtòjọ náà látòkè délẹ̀, wọ́n sì sọ “distribution” di “distributing”.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Kánádà láàárín ilé-iṣẹ́ Rogers àti Aliant, lórí àdéhùn ọdún márùn-ún nípa yíyá òpó wáyà. Nítorí kọ́mà kan ṣáájú “unless”, àjọ tí ó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ dájọ́ ní 2006 pé Aliant lè fòpin sí àdéhùn náà nígbàkúùgbà, bí ó bá ti fi ọdún kan kéde rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àjọ kan náà yí ìdájọ́ rẹ̀ padà, nítorí pé ẹ̀dà àdéhùn náà ní èdè Faransé kò fi àyè sílẹ̀ fún ìtumọ̀ yẹn.

Ẹjọ́ Roger Casement

Roger Casement jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Írẹ́láńdì tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣiṣẹ́ ní Calabar láàárín 1892 àti 1895. Nígbà ogun àgbáyé kìíní ó lọ sí Jámánì láti wá ìrànlọ́wọ́ fún òmìnira Írẹ́láńdì. Wọ́n mú un ní oṣù kẹrin 1916, wọ́n sì fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ọba kàn án lábẹ́ òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1351 ní èdè Faransé àwọn Norman.

Òfin náà dárúkọ ẹni tí ó bá dara pọ̀ mọ́ ọ̀tá ọba nínú ilẹ̀ ọba, tí ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú ilẹ̀ ọba, tàbí níbòmíràn. Agbẹjọ́rò Casement sọ pé “tàbí níbòmíràn” so mọ́ ìrànlọ́wọ́ nìkan. Ẹni tí ó dara pọ̀ mọ́ ọ̀tá nígbà tí ó wà ní Jámánì kò sí lábẹ́ òfin yìí. Ìjọba ní ó so mọ́ méjèèjì. Bí a bá fi àmì yí gbólóhùn ìrànlọ́wọ́ ká, ìtumọ̀ ìjọba ni yóò borí. Bí a bá yọ àmì náà kúrò, ti agbẹjọ́rò ṣeé ṣe. Méjì nínú àwọn adájọ́ lọ fi ojú ara wọn wo awọ tí a kọ òfin náà sí láti 1351 láti mọ ohun tí ó wà lórí rẹ̀. Wọ́n dá Casement lẹ́bi, wọ́n sì so ó rọ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Pentonville ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ 1916. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń sọ pé kọ́mà ni wọ́n fi so ó rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ jù, nítorí pé àwọn adájọ́ tún wo ohun tí àwọn amòfin àtijọ́ ti kọ nípa òfin náà, àmọ́ kì í ṣe irọ́ pátápátá.

Àmì ìpajẹ

Iṣẹ́ méjì ni àmì ìpajẹ ń ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń dúró ní ipò lẹ́tà tí a pa jẹ, bíi nínú “don’t”, ó sì ń fi ìní hàn. Yorùbá kò nílò iṣẹ́ kejì yìí, nítorí pé ipò ọ̀rọ̀ ni ó fi ń ṣe é: ìwé Bọ́lá. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí àmì náà wà ni yóò sọ iye àwọn oní-nǹkan. “The student’s books” jẹ́ ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kan, “the students’ books” jẹ́ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀. Létí, kò sí ìyàtọ̀ rárá. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni “its” àti “it’s”. Òfin wọn kò le: bí a kò bá lè fi “it is” tàbí “it has” rọ́pò rẹ̀, kò nílò àmì.

Ní Bìrìtéènì, àwọn tí ń tajà lọ́jà gbajúmọ̀ fún fífi àmì yìí sínú ọ̀pọ̀ tí kò ní ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀, bíi “tomato’s”, débi pé wọ́n ń pè é ní àmì ìpajẹ oníẹ̀fọ́. Àwọn mìíràn ti fẹ́ kí ó lọ pátápátá. Àjọ tí ó ń bójú tó orúkọ ibùgbé ní Amẹ́ríkà kò fẹ́ rí i nínú orúkọ ìlú àti òkè láti 1890, ìgbà márùn-ún péré ni ó sì ti gbà á láàyè. Martha’s Vineyard ni àkọ́kọ́, ní 1933. Ìjọba ìlú Birmingham ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ ọ́ kúrò lára pátákó òpópónà ní 2009.

Àwọn àmì yòókù

Sẹmikólóònù máa ń so gbólóhùn méjì tí ó lè dá dúró pọ̀ nígbà tí èrò wọn bá tan mọ́ra. Kólóònù ń sọ pé àlàyé tàbí àtòjọ ń bọ̀. Àmì ìsopọ̀ kéré lójú, ṣùgbọ́n “a man eating fish” jẹ́ ọkùnrin kan tí ó ń jẹ ẹja, “a man-eating fish” sì jẹ́ ẹja tí ó ń jẹ ènìyàn. Nínú àmì àyọlò, ìlò Bìrìtéènì àti ti Amẹ́ríkà yàtọ̀: àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fi kọ́mà àti àmì ìdánudúró sínú àmì àyọlò ní gbogbo ìgbà, nígbà tí àwọn ará Bìrìtéènì máa ń fi í síta bí kò bá sí lára ọ̀rọ̀ tí a yọ lò.

Fóònù alágbèéká ti fún àmì ìdánudúró ní iṣẹ́ tuntun. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́, ìparí ìlà ti tó láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ parí, nítorí náà ẹni tí ó bá tún fi àmì ìdánudúró sí i dà bí ẹni tí inú ń bí. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Binghamton ní New York, tí ó jáde ní 2015, rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka ìdáhùn ọlọ́rọ̀ kan tí ó ní àmì ìdánudúró sí èyí tí kò ti ọkàn wá tó èyí tí kò ní in. Nígbà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ kan náà sórí bébà, wọn kò rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní Nàìjíríà

Nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti àjọ WAEC, máàkì 10 nínú 50 tí ó wà fún àròkọ ni ti ìpeye ìkọ̀wé, lábẹ́ èyí tí ìfàmìsí, sípẹ́lì àti gírámà wà. Àṣìṣe kan tí ó máa ń gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá wá láti inú èdè tirẹ̀. “Òjò rọ̀, a kò lè jáde” kò ní àbùkù kankan ní Yorùbá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pé “It rained, we could not go out.”, olùmáàkì yóò fa ìlà sí i lábẹ́, nítorí pé kọ́mà nìkan kò lágbára tó láti so gbólóhùn méjì tí ó dá dúró pọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì alákọsílẹ̀. Àmì ìdánudúró, sẹmikólóònù, tàbí “so” lẹ́yìn kọ́mà náà yóò tún un ṣe.

Yorùbá alákọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ gba àwọn àmì wọ̀nyí láti ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nípasẹ̀ àwọn ìwé tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn míṣọ́nnárì tẹ̀ jáde, àti Ìwé Ìròhìn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó dúró. Àwọn ìwé àtijọ́ kún fún “l’ọ́jà”, “n’ílé” àti “s’ókè”. Àkọtọ́ òde òní ti pa àmì ìpajẹ náà rẹ́, “lọ́jà”, “nílé” àti “sókè” ni à ń kọ.